Ẹni Tó Ń Gba Owó Oṣù Lọ́wọ́ Alágbàfọ̀

Ọ̀rọ̀ tó bá máa da ilé rú kì í kan ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni èyí gbà wọlé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń ṣú, nígbà tí Ìyá Akọrin wá gba aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀.

Alágbàfọ̀ náà kì í ṣe ẹlòmíràn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, apá rẹ̀ le bí apá agbẹ́gi nítorí áyọ́ọ̀nù, àmọ́ bó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tó wá bá a jà á gbàgbé ohun tó bá wá. Ìyá Akọrin fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó nígbà tó wọlé ọkọ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé òun ni wọ́n kọ sójú pátákó ṣọ́ọ̀bù: Eyínfúnjowó, A Ń Fọ̀, A Ń Lọ̀.

Lọ́jọ́ náà, Eyínfúnjowó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń ká aṣọ ìbùsùn, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Ohun tí Ìyá Akọrin gbọ́ láti ìta nìyí:

"Mo ti san owó oṣù rẹ̀, jàre. Àní mo ti san án! Wọ́n tún ti fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n ṣe? Bí mi ò bá san án, ó máa tì mí síta ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Lánàá, a jọ ṣeré títí ara rẹ̀ fi gbóná. Mo ní kó sinmi. Mo ti fi aṣọ bò ó." Ó fa aṣọ mìíràn sọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Ta ló fẹ́ sọ fún un? Káàdì rẹ̀ náà la ṣì fi ń san án. Kò béèrè rí, èmi náà ò sì là á yé e."

Nígbà tí Eyínfúnjowó fi máa jáde síwájú, aṣọ akọrin ṣì wà lórí ìkọ́, agbòòrùn pupa kan fara ti ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ni ín sì ti bá òjò lọ.

Ẹ má tíì bá Ìyá Akọrin wí. Èdè wa ló fà á, èdè tí kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, tí kò sì ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí iná mànàmáná ń gbé ṣiṣẹ́. "Ó" ni gbogbo wọn. Owó oṣù sì rèé, òṣìṣẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń pe irú owó tí Eyínfúnjowó ń san yìí ní sọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó ń dún bí ẹni tó ṣubú. Ó ní ohunkóhun tó bá ń gba owó lópin oṣù, tí kì í gbàgbé, tí kì í sì í bẹ̀bẹ̀, owó oṣù ló ń gbà.

Ẹ̀rọ géèmù ló ń san án fún.

Nọ́ọ̀sì ló ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ, ó fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní kó máa fi ṣe fàájì lọ́jọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àgbàlagbà bíi tèmi, kí n máa lé bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n kiri?" Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà pọ̀, aṣọ kò sì gbẹ bọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi gbá bọ́ọ̀lù, tó sáré mọ́tò, tó tilẹ̀ ń bínú sí rẹfirí. Ọ̀kan ló kù tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Eré ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é. Èèyàn méjì ló ń wà á, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, lójú odò tó kún fún àpáta. Bí ọ̀kan bá yára ju èkejì lọ, ọkọ̀ á máa yí po lójú kan. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe agídí síra wọn, á dojú dé. Ẹ̀rọ lè ṣe ẹnìkejì fún ọ, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí omi bá gbé yín. Ẹni tó bá fẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara nínú ọkọ̀ yẹn, èèyàn tó wà ní ọ̀nà jíjìn, dandan ni kó san owó oṣù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí owó tí Nọ́ọ̀sì san sílẹ̀ kò tíì tán, ìpè kékeré kan yọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan fẹ́ bá Nọ́ọ̀sì wa ọkọ̀. Orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ ni Abẹ́rẹ́.

Díẹ̀ ló kù kí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ náà.

Abẹ́rẹ́ ni àbúrò Eyínfúnjowó, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, tín-ín-rín, ẹlẹ́nu mímú, tí Ìyá Akọrin tún sọ lórúkọ bó ṣe sọ gbogbo àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti lọ sókè òkun. Nígbà tí ìyá wọn kú, kò wá. Ẹ̀gbọ́n Tísà, àkọ́bí, ọkọ Ìyá Akọrin, ló sá sókè sá sódò, òun ló dá dúró ní ẹsẹ̀ sàréè tí àwọn èèyàn ń bi í pé, "Àbíkẹ́yìn ńkọ́?" tí kò sì rí ìdáhùn fún wọn. Ìtìjú yẹn wọ̀ ọ́ lára. Kí wọ́n tó túká, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé, "Ẹni tí kò lè wá sin ìyá mi kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́." Ẹlẹ́nu kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé òkè òkun. Abẹ́rẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹni pé ìyá wọn kò bí ẹ̀kẹta. Eyínfúnjowó náà pa ẹnu mọ́, nítorí Ẹ̀gbọ́n Tísà ló dúró bíi bàbá fún wọn, òun ló rán wọn níléèwé, òun ló gbé e dìde nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú.

Eyínfúnjowó gba ìpè náà. Kò sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ rò pé Nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ti máa ń wa ọkọ̀ náà pọ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

"Òsì, òsì! Kí ló ń ṣe ọ́, Nọ́ọ̀sì? Ṣé ò ń sùn ni?"

Ohùn náà kò yí padà. Eyínfúnjowó ń wa ọkọ̀, omijé ń já lójú rẹ̀, kò sì rí odò dáadáa. Nígbà tí àpáta ńlá kan yọ níwájú, ó gbàgbé ara rẹ̀.

"Yéè! Abẹ́rẹ́, dá a dúró!"

Ìhà kejì pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ dojú dé. Eyínfúnjowó ń retí kí ẹni náà jáde, nítorí bí ẹnì kan bá jáde, ẹ̀rọ máa ń dún kín-ín bí agogo ilẹ̀kùn. Kò dún. Èémí nìkan ló ń gbọ́. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbé. Ẹ̀yin, ẹ mú ọ̀tún."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ikú, wọn kì í sọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n. "Òsì." "Ọ̀tún." "Ẹ rọra." "Ẹ ti gbá mi mọ́ igi, Àǹtí!" Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Eyínfúnjowó béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká wa ọkọ̀, Àǹtí mi." Kò tún béèrè mọ́. Kò mọ ilé rẹ̀, kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ojú odò yẹn nìkan ni àbúrò rẹ̀ gbà láti bá a pàdé, bí wọ́n bá sì ti ojú odò yẹn, ó ti tán nìyẹn. Nítorí náà, kó tó mú páàdì tí wọ́n fi ń ṣeré náà lọ́wọ́, á di ojú, á ní, "Baba, má jẹ́ kí n sọ ohun tí yóò lé e lọ." Lẹ́yìn náà ni á tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí owó tí Nọ́ọ̀sì san tán, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù kọ káàdì báǹkì Eyínfúnjowó. Káàdì Ẹ̀gbọ́n Tísà ni wọ́n gbà. Nọ́ọ̀sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà, ó fún un láìbéèrè, nítorí kò sí ohun tí Nọ́ọ̀sì tọrọ rí tí kò fún un. Eyínfúnjowó kì í sì í jẹ́ kí owó náà pẹ́ lọ́wọ́ òun kó tó dá a padà.

Ọjọ́ kejì tí Ìyá Akọrin bá òjò lọ, Sátidé ni. Eyínfúnjowó àti Abẹ́rẹ́ ti wà lójú odò nígbà tí aṣọ tó kọ́ sáàárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá ẹ̀yìn ṣí, tí Ẹ̀gbọ́n Tísà wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó yára fa íápíìsì kúrò létí, ó jẹ́ kó rọ̀ sọ́rùn, ó dìde kí wọn.

Ẹ̀gbọ́n Tísà kò dáhùn ìkíni. Ó dúró láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó so rọ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì ìlọṣọ, ó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Níbo ló wà?"

"Ta ni, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹni tí ò ń san owó oṣù fún!"

Eyínfúnjowó wo Ìyá Akọrin. Ìyá Akọrin ń wo bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ìyàwó wa, kí lẹ tún gbọ́?"

"Èmi ò gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ò sọ. Ẹ ní ẹ ti san owó oṣù rẹ̀. Ẹ ní wọ́n ti fi kún un. Ẹ ní ẹ jọ ṣeré, ara rẹ̀ gbóná, ẹ fi aṣọ bò ó." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. "Eyínfúnjowó! Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ní ìlà iwájú nínú akọrin!"

Ẹ̀rín ni Eyínfúnjowó fi dá a lóhùn. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ó di tábìlì mú, ó rẹ́rìn-ín títí ìkọ́ aṣọ fi ń mì.

"Ó ń rẹ́rìn-ín!" ni Ẹ̀gbọ́n Tísà wí. "Ọkùnrin ń gba owó oṣù nílé opó, láti inú káàdì tèmi, èmi alàgbà ìjọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín!"

"Òun rèé o," ni Eyínfúnjowó wí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ dúdú tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí aṣọ ìnura kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi kí i."

Ìyá Akọrin sún mọ́ ọn. "Èyí? Àpótí yìí?"

"Àpótí yẹn. Bí mi ò bá fi aṣọ bò ó lálẹ́, eruku á bà á jẹ́."

"Ara rẹ̀ tó gbóná ńkọ́?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ìyá Akọrin fi ìka kan kàn án, wéré, bí ẹni tó ń dán áyọ́ọ̀nù wò. "Ó mà gbóná lóòótọ́!" Ẹ̀rín gbé òun náà. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ó ń lu itan. "Yéè, Olúwa mi, dárí jì mí. Mi ò sùn lóru àná. Mo ti fi orúkọ yín gbààwẹ̀ láàárọ̀ yìí o!"

"Ọlọ́run á gbà á sí ibòmíràn," ni Eyínfúnjowó wí.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, ká ní Ẹ̀gbọ́n Tísà mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àṣìṣe ara ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dìhámọ́ra láti ilé kì í fẹ́ padà láìjagun. Ó mú àga, ó jókòó níwájú ẹ̀rọ náà, ó sì tún agbádá ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀.

"Ká ní ọkùnrin ni," ó ní, "ì bá tiẹ̀ bá ọ pọn omi. Dá mi lóhùn. Ṣé kì í ṣe rírà lẹ ra ẹ̀rọ yìí?"

"A rà á."

"Géèmù inú rẹ̀ ńkọ́?"

"A rà á."

"Dátà tó ń jẹ?"

"Èmi ni mò ń rà á."

"Kí wá ni owó oṣù ń ṣe? Bí mo bá lọ ra àga lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí mo gbé e délé, ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà á tún máa gba owó lọ́wọ́ mi lóṣooṣù kí àlejò tó lè jókòó tì mí?"

Ìyá Akọrin mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Eyínfúnjowó náà mi orí.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìrẹ́jẹ ni."

"O mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ni?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́. Bí mo bá rí ẹni tó gbé e kalẹ̀, n ó jẹ́ kó mọ̀."

"O sì ń san án?"

"Mo ń san án."

"Nítorí kí ni?"

Eyínfúnjowó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Tísà yọ fóònù jáde, ó wọ ojú gíláàsì. Ó ní òun á pe báǹkì báyìí, kí wọ́n dá káàdì òun dúró lórí rẹ̀, ó parí. Ìka rẹ̀ ń wá nọ́ńbà.

Eyínfúnjowó dúró. Bó bá ní ìgbádùn lásán ni, wọ́n á ti odò náà pa mọ́ ọn lójú, kò sì ní rí ẹjọ́ rò. Bó bá sọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ó ti dárúkọ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dá. Ibi tó ti ń rò ó ni nǹkan kan ti dún fẹ́ẹ́rẹ́ ní àyà rẹ̀, bí ẹni tó wú ikọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Íápíìsì ni. Kò pa á. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ni Abẹ́rẹ́ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó retí kí ẹ̀rọ dún kín-ín. Kò dún. Èémí ń lọ, èémí ń bọ̀. Àbúrò rẹ̀ kò tíì jáde.

Nígbà náà ni gbogbo ìbẹ̀rù fò kúrò lára rẹ̀. Ó tú íápíìsì lọ́rùn, ó fa okùn rẹ̀ yọ lára páàdì kí ohùn lè gba inú tẹlifíṣọ̀n jáde. Yàrá kún fún ìró omi.

"Sọ̀rọ̀," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹni tí mò ń san án nítorí rẹ̀."

Omi ń ṣàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ dúró lábẹ́ igi kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wí pé:

"Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ilé, Ìyàwó wa."

Ìyá Akọrin fò dìde. "Abẹ́rẹ́! Yéè, Abẹ́rẹ́ mi! Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí ò ṣeé gbé mì! Ṣé o ti sanra?" Ìgbà náà ló rántí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú. Ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n Tísà ti yọ ojú gíláàsì. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, níbi tí kò sí ojú èèyàn kankan, bí kò ṣe ọkọ̀ àti omi.

"Pa á," ó ní.

"Mi ò ní pa á."

"Mo ní kí o pa á!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ rán mi níléèwé. Bí mo bá gbàgbé, kí ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ gbàgbé mi. Ẹ̀yin lẹ dá ru ìsìnkú ìyá wa, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yìn yín kò tíì tọ́ láti ọjọ́ náà. Nítorí yín ni mo ṣe pa ẹnu mọ́. Ẹnu ti wá rẹ̀ mí." Ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ ní kí a má dárúkọ rẹ̀. Ẹ ò ní kí n má bá a wa ọkọ̀. Òfin yín ni mo pa mọ́ títí di òní. Láti òní lọ, n ò ní pa á mọ́. Abẹ́rẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa. Bí wọ́n bá ní kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n san owó ẹ̀rọ, owó géèmù, owó dátà, kí n wá fi owó oṣù lé e, n ó san án, n ó sì máa bú wọn bí mo ti ń san án. Ẹ yọ káàdì yín."

"Mo máa yọ ọ́."

"Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n Tísà dìde. Ó ki fóònù bọ àpò. "Èmi ò ní àbúrò nínú tẹlifíṣọ̀n," ó wí. Ó gba àárín ṣẹ́ẹ̀tì jáde. Ìyá Akọrin tẹ̀ lé e, ó tún padà, ó súré dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú kànga: "Mò ń bọ̀ o, ẹ má lọ!" Ó sáré bá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Abẹ́rẹ́ ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n fi káàdì tèmi san án fún yín."

"Ta ló dàgbà jù láàárín èmi àti ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Gbé ọwọ́ kúrò lápò, kó o mú òsì. Àpáta ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n Tísà ṣe bó ṣe wí, ó sì ní kí báǹkì gba owó oṣù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé kò rí ẹni tó máa sanwó. Eyínfúnjowó ti áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ sí ìgboro lọ bá bàbá onífóònù, arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan tó ń tún fóònù ṣe, tó sì ń ta oríṣiríṣi káàdì tí a ń họ. Ó sọ ohun tó fẹ́. Bàbá náà gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ lò ó?"

"Èmi gan-an."

"Kí n sọ òótọ́ fún yín, bí mo tilẹ̀ ń tà á? Kò tó iye tí wọ́n ń pè é. Ohun tí ẹ ti rà ni wọ́n tún ń tà fún yín. Òótọ́ ni pé wọ́n á máa fún yín ní géèmù ọ̀fẹ́ lóṣooṣù."

"Mi ò fẹ́."

"Wọ́n á sì bá yín tọ́jú gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ṣeré dé, kó má bàa sọnù."

"Mi ò fẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ níbẹ̀."

"Nǹkan kan ṣoṣo náà kò tó owó yìí, ìyá."

"Bàbá, ẹni tí ẹ̀yìn ò yún kò lè díye lé èékánná," ni Eyínfúnjowó wí. "Ṣé oṣù kan péré ló wà níbẹ̀ ni?"

"Ti ọdún kan wà. Àmọ́ owó ńlá ni."

"Òun ni kẹ́ ẹ fún mi."

Bàbá onífóònù wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó nà án sí i. Kò dúró kó délé. Ìdúró ibẹ̀ náà ló ti fi èékánná họ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló kọ́kọ́ dé ojú odò. Kò pẹ́ tí Abẹ́rẹ́ fi wọlé.

"Mo rò pé wọ́n ti lé yín lọ."

"Wọn ò tíì bí ẹni tó máa lé mi."

Wọ́n gbéra. Odò náà tẹ́jú lọ́jọ́ náà. Wọ́n rìn jìnnà kí Abẹ́rẹ́ tó sọ pé, "Ẹ ò bi mí rí."

"Mi ò ní bi ọ́."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi mí."

Ọwọ́ Eyínfúnjowó dúró lórí páàdì. "Ó dáa. Kí ló dé tó ò wá?"

"Orí ibùsùn ni mo wà nílé ìwòsàn," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Oyún ló bàjẹ́ lára mi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti di ẹrù. Mo ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ sunkún èèyàn méjì lọ́sẹ̀ kan náà. Mo ní tára mi bá yá, n ó ṣàlàyé. Kí ara mi tó yá, ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi."

Eyínfúnjowó gbé páàdì lé itan. "Abẹ́rẹ́," ló ń pè. "Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ mi."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ẹnì kan gbá tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ wá gba aṣọ!"

Ẹ̀gbọ́n Tísà ni, ó ń ké bí oníbàárà lásán. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dọ̀tí tán, kò sì sí alágbàfọ̀ mìíràn ní gbogbo àgbègbè náà tó mọ bó ṣe ń fẹ́ kí ọrùn rẹ̀ le.

"Ọwọ́ mi dí, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Eyínfúnjowó ké láti ẹ̀yìn. "Mò ń wa ọkọ̀. Ẹ gbé e wọlé wá."

"Èmi ò wọ ibẹ̀ yẹn."

"Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà nígbà náà."

Ó na ọwọ́, ó ká aṣọ tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti yàrá sókè, ó so ó kọ́. Ó tún fa okùn íápíìsì yọ. Lẹ́yìn náà, ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, ó ń gbé e lọ títí ìró omi fi dé ojú títì, tí ẹni tó ń kọjá lọ fi yíjú.

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n nìyẹn?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Òun ni."

"Kí n dákẹ́?"

"Ta ló ní kó o dákẹ́? Má dá ọkọ̀ dúró. Ohun tó o sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, tún un sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Sọ ọ́ sókè."

Abẹ́rẹ́ tún mú apá òsì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí tíkẹ́ẹ̀tì tó rà, láti orí ẹrù tó dì. Eyínfúnjowó kò yíjú wẹ̀yìn. Odò ń ṣàn, ó ń wa apá ọ̀tún, etí rẹ̀ ń bẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń lọ.